Òótọ́ àbí Irọ́? Ẹrù Eléwu Lójú Títì àti Àwọn Tí Òfin Dá Sílẹ̀

Ẹni tó bá ń gbé College Park, ní gúúsù Atlanta, mọ̀ pé ojú títì ibẹ̀ kì í sùn. I-85 ń gba ẹ̀gbẹ́ ìlú kọjá, Camp Creek Parkway ń kó ọkọ̀ lọ sí pápákọ̀ òfurufú Hartsfield-Jackson, àwọn tírélà orí I-285 sì ń gba abẹ́ ojú ọ̀nà bàálù karùn-ún kọjá, èyí tí wọ́n ṣí ní 2006. Bẹntiróòlù wà lára ohun tí wọ́n ń kó, bẹ́ẹ̀ náà ni gáàsì, ásíìdì, ọ̀dà, bátìrì àti ọ́síjìn inú sílíńdà.

Àwọn ọmọ Yorùbá wà nídìí iṣẹ́ yìí ní agbègbè Atlanta. Àwọn kan ń wa tírélà, àwọn kan ń gé koríko, àwọn kan ń kun ilé tàbí jó irin, àwọn kan ń se oúnjẹ àríyá, àwọn mìíràn sì ń kó ẹrù sínú dúrọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sílé. Gbogbo wọn ni òfin ẹrù eléwu ti Amẹ́ríkà lè kàn. Òfin náà wà nínú ìwé òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní 49 CFR, láti apá 171 dé 180. PHMSA, ẹ̀ka kan lábẹ́ iléeṣẹ́ ìrìnnà ìjọba àpapọ̀, ló ń ṣe é.

Òfin yìí le, ṣùgbọ́n ó fàyè sílẹ̀. Ó dá àwọn èèyàn kan sílẹ̀, ó dá àwọn ẹrù kan sílẹ̀, ó sì ń fún àwọn kan ní ìyọ̀ǹda àkànṣe. Ibi àyè yẹn gan-an ni irọ́ ń gbà wọlé. Nínú gbogbo ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò yìí, ọ̀rọ̀ kan ni kí òǹkàwé dì mú: ìdásílẹ̀ kì í ṣe àìsí òfin. Òfin mìíràn ni, ó ní ìwọ̀n tirẹ̀, ó ní ẹni tí wọ́n ṣe é fún, ẹni tó bá sì rékọjá ààlà rẹ̀ ti padà sábẹ́ òfin ńlá.

1. “Ẹrù ara mi ni, mi ò gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òfin ò kàn mí.”

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀.

Abala 171.1 sọ ọ́ kedere pé ẹni tó bá fi mọ́tò ara rẹ̀ gbé ẹrù eléwu fún ìlò ara rẹ̀, tí kì í ṣe ti òwò, kò sí lábẹ́ òfin àpapọ̀ yìí. Bàbá tó lọ ra bẹntiróòlù sínú kẹ́ẹ̀gì fún ẹ̀rọ tí ó fi ń gé koríko iwájú ilé rẹ̀, ìyá tó lọ pààrọ̀ sílíńdà gáàsì tó fi ń dáná lẹ́yìnkùlé, kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n léèrè ìwé ẹrù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni ibi tí òwò bá ti wọ̀ ọ́. Bí bàbá kan náà bá gbé kẹ́ẹ̀gì kan náà lọ gé koríko ilé oníbàárà tó máa sanwó, ìdásílẹ̀ àkọ́kọ́ yìí kò bò ó mọ́. Bí ìyá kan náà bá gbé sílíńdà lọ síbi àríyá tí wọ́n ti gba iṣẹ́ oúnjẹ fún un, òwò ni. Ẹni tó bá ń fi mọ́tò ara rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ fún ilé ìtajà, tó ń gbé ẹrù oníbàárà kiri, òwò ló ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mọ́tò tó fi ń gbọ́mọ lọ sílé ìwé ló ń wà.

Lẹ́yìn èyí, òfin ìpínlẹ̀ àti ti panápaná ṣì wà ní ipò wọn. Iná pàápàá kò mọ ẹrù òwò yàtọ̀ sí ẹrù ilé.

2. “Mi ò ta ẹrù yìí. Irinṣẹ́ mi ni, kò sí òfin kankan lórí rẹ̀.”

Irọ́ ni. Òfin wà lórí rẹ̀, ó kàn rọrùn ni.

Àyè tí òfin ṣe fún oníṣẹ́ ọwọ́ wà ní abala 173.6. Ó wà fún ẹrù eléwu tí oníṣẹ́ kan ń gbé lọ fi ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, tí iṣẹ́ náà kì í sì í ṣe ìrìnnà. Akunlé wà níbẹ̀, púlọ́ńbà wà níbẹ̀, ajórin wà níbẹ̀, agékoríko wà níbẹ̀, alásè wà níbẹ̀. Ẹni tó bá wọ abẹ́ àyè yìí kò nílò ìwé ẹrù, kò nílò pátákó àmì ewu lára ọkọ̀, kò sì nílò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí òfin ńlá ń béèrè.

Ẹ jẹ́ ká wo ìwọ̀n rẹ̀. Gbogbo ẹrù eléwu inú ọkọ̀ náà, pẹ̀lú ohun tí wọ́n rọ ọ́ sí, kò gbọdọ̀ ju 200 kílò lọ, ìyẹn 440 páùn. Bẹntiróòlù kò gbọdọ̀ ju gálọ́ọ̀nù 8 nínú kẹ́ẹ̀gì kan, bíi lítà 30. Ohun tí ewu rẹ̀ bá wà ní ìpele tó ga jù lọ kò gbọdọ̀ ju ìdajì lítà tàbí ìdajì kílò. Sílíńdà gáàsì kan kò gbọdọ̀ ju 100 kílò, tòun ti gáàsì inú rẹ̀. Ohun abúgbàù, gáàsì olóró, ohun tó ní ìtànṣán olóró àti pàǹtírí eléwu kò sí níbẹ̀ rárá, bó ti wù kó kéré mọ.

Ìwọ̀n nìkan kọ́. Kẹ́ẹ̀gì kò gbọdọ̀ jò, ìdérí rẹ̀ gbọ́dọ̀ le, a sì gbọ́dọ̀ dè é kó má baà máa yí kiri nínú ọkọ̀. Orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn lára rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí ìjọba fọwọ́ sí, onírin tàbí oníke. Ike omi tàbí ike òróró kò wúlò fún un. Ìkẹyìn ni èyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá iṣẹ́ ń gbàgbé: ẹni tó ń wa ọkọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹrù eléwu wà lẹ́yìn òun, kó sì mọ òfin tó de é. Ọ̀gá tó bá kó ásíìdì sí ẹ̀yìn ọkọ̀ tó sì rán ọmọṣẹ́ láìsọ fún un ti jáde kúrò lábẹ́ ìdásílẹ̀ yẹn.

Atlanta ní ìdí pàtàkì láti mọ ibi tí èrò “ẹrù tiwa ni” lè gbé èèyàn dé. Ní ọjọ́ 11, oṣù Karùn-ún, 1996, bàálù ValuJet 592 gbéra ní Miami, Atlanta ló ń bọ̀. Inú ihò ẹrù rẹ̀ ni wọ́n kó àwọn ẹ̀rọ tó ń pèsè ọ́síjìn sí, èyí tí wọ́n tú kúrò lára bàálù mìíràn tí iléeṣẹ́ ValuJet ni. Ẹrù iléeṣẹ́ ni wọ́n kà á sí, ìwé rẹ̀ sì sọ pé òfìfo ni wọ́n. Wọn kì í ṣe òfìfo. Iná sọ, bàálù já sínú irà Everglades, gbogbo èèyàn 110 tó wà nínú rẹ̀ ló kú. ValuJet kò tilẹ̀ ní àṣẹ láti gbé ẹrù eléwu. Òfurufú ni èyí ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n àṣìṣe náà kan náà ni lójú títì: nǹkan kì í bọ́ lọ́wọ́ ewu nítorí pé tiwa ni.

3. “Tí ẹrù ò bá tíì tó 1,001 páùn, kò sí òfin níbẹ̀.”

Irọ́ ni, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn awakọ̀ akẹ́rù.

Orírun rẹ̀ ni òfin pátákó àmì ewu, ìyẹn pátákó onígun mẹ́rin tí a ń rí lára tírélà. Fún ọ̀pọ̀ ẹrù eléwu, pátákó yẹn kò di dandan àfi tí gbogbo ẹrù bá tó 1,001 páùn, ìyẹn 454 kílò. Nígbà tí pátákó kò bá sì di dandan, awakọ̀ náà kò nílò àfikún ẹrù eléwu lórí láìsẹ́ǹsì rẹ̀, ìyẹn àfikún tí TSA, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣọ́ ààbò ìrìnnà, ń ṣe ìwádìí èèyàn fún kí wọ́n tó fún un. Títí dé ibí, òótọ́ ni.

Ohun tí wọ́n ń fo dá ni ìyókù. Pátákó nìkan ni ìwọ̀n yẹn gbé kúrò. Ìwé ẹrù ṣì gbọ́dọ̀ wà nítòsí ọwọ́ awakọ̀. Nọ́ńbà tẹlifóònù tí panápaná lè pè nígbà ìjàǹbá ṣì gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé náà. Àmì ṣì gbọ́dọ̀ wà lára páálí kọ̀ọ̀kan. Òṣìṣẹ́ tó dì í, tó kó o sọ́kọ̀, tó sì wà á ṣì gbọ́dọ̀ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kó sì tún un gbà ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́ta. Ẹrù gbọ́dọ̀ yẹ fún ìdásílẹ̀ mìíràn kó tó bọ́ lọ́wọ́ ìwọ̀nyí.

Àwọn ẹrù kan sì wà tí 1,001 páùn kò kàn rárá. Ohun abúgbàù ńlá, gáàsì olóró bíi kilorín, àti ohun tó ń gbaná nígbà tí omi bá kàn án gbọ́dọ̀ ní pátákó bó bá tiẹ̀ jẹ́ páálí kan ló wà nínú ọkọ̀.

4. “Lọ́fínńdà àti kùn-únkùn èékánná tí mo kó sínú dúrọ́ọ̀mù, ẹrù ilé ni.”

Irọ́ ni. Kí gbogbo ẹni tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ sí Èkó ka ibí yìí dáadáa.

Lọ́fínńdà, kùn-únkùn èékánná, agolo ìfínrun olóòórùn dídùn, agolo apakòkòrò, bátìrì líthíọ́ọ̀mù: ẹrù eléwu ni gbogbo wọn lójú òfin. Nígbà tí o bá fi mọ́tò rẹ gbé wọn láti ilé ìtajà dé ilé, ìdásílẹ̀ àkọ́kọ́ bò ọ́. Ìṣẹ́jú tí o bá fà wọ́n lé aṣojú tó ń gbowó láti kó ẹrù lọ sí èbúté Savannah, o ti fi ẹrù eléwu sínú ìrìnnà olówò. Ojú títì ló máa kọ́kọ́ gbà, òkun ló máa gbà tẹ̀ lé e, òkun sì ní òfin tirẹ̀ tí gbogbo àgbáyé ń lò.

Lóòótọ́, òfin ní àyè fún ìwọ̀n kékeré. Ìgò kéékèèké tí wọ́n dì sínú páálí tó lágbára, tí páálí náà kò ju 30 kílò lọ, lè bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ òfin lójú títì. Ṣùgbọ́n àmì onígun mẹ́rin aláwọ̀ dúdú àti funfun tó ń fi irú ẹrù bẹ́ẹ̀ hàn gbọ́dọ̀ wà lára páálí. Dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n da ìrẹsì, aṣọ, bàtà àti ogún agolo apakòkòrò pọ̀ sí, tí ẹnikẹ́ni kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kò sí lábẹ́ àyè yẹn. Ẹni tó fi ránṣẹ́ ló jẹ̀bi lójú òfin, kì í ṣe aṣojú nìkan. Ẹ bi aṣojú yín kí ẹ tó dì í, kí ẹ sì sọ òtítọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un.

5. “Iléeṣẹ́ kan ti gba ìyọ̀ǹda àkànṣe lọ́wọ́ ìjọba. Gbogbo wa lè lò ó.”

Irọ́ ni.

PHMSA ń fún àwọn iléeṣẹ́ ní ìyọ̀ǹda àkànṣe láti ṣe ohun tí òfin kò gbà, bíi lílo irú sílíńdà tuntun tí òfin kò tíì mọ̀. Orúkọ ẹni tó gbà á wà lórí rẹ̀, nọ́ńbà wà lórí rẹ̀, ọjọ́ tó máa parí náà wà níbẹ̀: kò ju ọdún 2 lọ ní ìgbà àkọ́kọ́, kò sì ju ọdún 4 lọ nígbà tí wọ́n bá tún un ṣe. Ẹlòmíràn tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé kí wọ́n fi orúkọ òun náà kún un.

Ìjọba kì í sì í fi í ṣe ojúàánú. Ẹni tó ń béèrè gbọ́dọ̀ fi hàn pé ààbò tí ọ̀nà tirẹ̀ máa mú wá kò kéré sí èyí tí òfin ti là sílẹ̀.

6. “Nígbà pàjáwìrì, ìjọba máa ń gbé gbogbo òfin tì.”

Irọ́ ni. Georgia rí ẹ̀rí rẹ̀ ní 2021.

Ní ọjọ́ 7, oṣù Karùn-ún ọdún náà, àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì kọ lu kọ̀ǹpútà Colonial Pipeline, iléeṣẹ́ tí olú rẹ̀ wà ní Alpharetta, níhà àríwá Atlanta. Iléeṣẹ́ náà ti ọ̀pá epo rẹ̀ pa. Láti Houston ni ọ̀pá yẹn ti ń gbé epo lọ sí New Jersey, òun ló sì ń gbé nǹkan bíi ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún epo tí ìlà oòrùn Amẹ́ríkà ń lò. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìlà ọkọ̀ gùn níwájú ilé epo káàkiri Atlanta.

Ní ọjọ́ 9, iléeṣẹ́ FMCSA tó ń bójú tó ọkọ̀ akẹ́rù kéde pàjáwìrì fún ìpínlẹ̀ 17 àti Washington, D.C., Georgia sì wà níbẹ̀. Ìkéde náà dá àwọn awakọ̀ táńkà epo sílẹ̀ kúrò lọ́wọ́ òfin tó dín wákàtí tí wọ́n lè wakọ̀ kù. Àwọn èèyàn gbọ́ “ìdásílẹ̀”, wọ́n rò pé gbogbo rẹ̀ ni. Òfin ẹrù eléwu kò yí padà. Òfin láìsẹ́ǹsì kò yí padà. Àyẹ̀wò oògùn olóró àti ọtí kò yí padà. Ìbánigbófò kò yí padà. Awakọ̀ lè pẹ́ lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n awakọ̀ tí kò kọ́ iṣẹ́ táńkà kò lè torí bẹ́ẹ̀ gun orí rẹ̀.

Ní ọjọ́ 12, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣọ́ ààbò àwọn oníbàárà ní láti jáde kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe bu bẹntiróòlù sínú àpò ọ̀rá. Ọjọ́ yẹn náà ni epo tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn nínú ọ̀pá.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní 2020, nígbà àrùn Kòrónà. Ọtí líle ló pọ̀ jù nínú oje ìfọwọ́ tó ń pa kòkòrò, ó sì ń gbaná. PHMSA dẹ òfin díẹ̀ kí wọ́n lè tètè gbé e dé ilé ìwòsàn. Ẹrù kan pàtó ni ìdẹ̀rùn yẹn wà fún, fún ìgbà díẹ̀.

7. “Ìpínlẹ̀ tàbí ìlú lè ṣe òfin ẹrù eléwu bó ṣe wù ú.”

Òótọ́ díẹ̀, irọ́ púpọ̀.

Lórí bí a ṣe ń pín ẹrù eléwu sí ọ̀wọ́, bí a ṣe ń dì í, àmì tó wà lára rẹ̀ àti ìwé tó ń bá a rìn, òfin ìjọba àpapọ̀ ló lékè. Ìpínlẹ̀ tàbí ìlú tó bá ṣe èyí tó yàtọ̀ sí i, tirẹ̀ máa wó lulẹ̀. Nítorí náà, kò sí òṣìṣẹ́ ìlú kan ní College Park, East Point tàbí Union City tó lè fún ọ ní ìwé pé kí o má fi àmì sára ẹrù.

Lórí ọ̀nà tí ọkọ̀ máa gbà, ìpínlẹ̀ ní ọ̀rọ̀ sọ. Ní Atlanta, tírélà tó ní ju táyà 6 lọ, tí kò ní ẹrù tó fẹ́ já tàbí gbé láàárín ìlú, gbọ́dọ̀ gba I-285 yí ìlú ká. Òfin àpapọ̀ pẹ̀lú sọ pé ọkọ̀ tó gbé pátákó ewu kò gbọdọ̀ gba ibi tí èrò pọ̀ sí tí ọ̀nà mìíràn bá wà. Àwọn ọlọ́pàá ẹ̀ka ọkọ̀ akẹ́rù ti Georgia ló ń dá wọn dúró lójú títì.

8. “Ẹ̀gbọ́n mi ní London ní kò sí òfin fún ìwọ̀n yìí. Á rí bẹ́ẹ̀ níbí.”

Irọ́ ni.

Yúróòpù ń tẹ̀ lé ADR, àdéhùn lórí gbígbé ẹrù eléwu lójú títì tí wọ́n fọwọ́ sí ní Geneva ní 1957. Lábẹ́ ADR, oníṣẹ́ ọwọ́ lè gbé ohun èlò tó tó lítà 450 nínú àgbá kan fún iṣẹ́ rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí gbogbo ẹrù inú ọkọ̀ kò bá kọjá ìwọ̀n tí àdéhùn náà fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ti bẹntiróòlù jẹ́ lítà 333. Ní College Park, lítà 30 ni kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù oníṣẹ́ ọwọ́ mọ. Ẹni tó bá gbé ìmọ̀ràn London wá sí Georgia máa rú òfin lọ́jọ́ kìn-ín-ní.

Kódà láàárín Yúróòpù, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ìdásílẹ̀ tirẹ̀. Òfin European Union ti 2008 gba orílẹ̀-èdè láyè láti béèrè ìyapa fún ẹrù kékeré tàbí ìrìn tí kò jìnnà. Ọdún 6 ni wọ́n máa ń fún un, ó pẹ́ tán, ààlà orílẹ̀-èdè náà ló sì máa ń mọ. Nàìjíríà pàápàá darapọ̀ mọ́ ADR ní 2018, ọdún kan náà tí táńkà epo jóná nítòsí afárá Ọ̀tẹ́dọlá ní Èkó, tó sì jó ọkọ̀ tó ju 50 lọ. Fífọwọ́ sí àdéhùn kò tó. Àfi kí àwọn tó wà lójú títì mọ̀ ọ́n, kí wọ́n sì pa á mọ́.

Kí lo máa ṣe?

Bí o bá fẹ́ gbé ohun tó lè gbaná, tó lè bú gbàù, tó lè jóni lára tàbí tó lè pani lójú ọ̀nà, bi ara rẹ ní ìbéèrè mẹ́rin. Ṣé ti òwò ni àbí ti ilé? Ìdásílẹ̀ wo gan-an ni mo wà lábẹ́ rẹ̀? Kí ni ìwọ̀n tó fún mi? Ṣé kẹ́ẹ̀gì, àmì àti dídè rẹ̀ bá ohun tó béèrè mu? Bí o kò bá lè dáhùn ìkejì, kà á sí pé o kò sí lábẹ́ ìdásílẹ̀ kankan. Owó ìtanràn ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo lè ju 90,000 dọ́là lọ, bó bá sì gba ẹ̀mí, ó máa ń ju ìlọ́po méjì ìyẹn.

Ẹ̀yin ọ̀gá iṣẹ́, ẹ jókòó ti àwọn ọmọṣẹ́ yín, ẹ ṣàlàyé ohun tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ fún wọn kí wọ́n tó ṣíná sí i. Ẹ̀yin tó ń fi dúrọ́ọ̀mù ránṣẹ́, ẹ yọ agolo àti bátìrì kúrò tí ẹ kò bá lè kéde wọn. Òfin dá wa sílẹ̀ níbi tó mọ̀ pé ewu kéré, ojúṣe wa sì ni láti rí i pé kò di ńlá lọ́wọ́ wa.